Títa ọjà ní bòókẹ́lẹ́ àti níní ìwé owó oríṣi méjì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn oníṣòwò kékeré

Owó orí tí òwò kékeré ń san sinmi lé ohun tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ bá kọ sílẹ̀. Àwọn ìdáhùn tí ó tẹ̀lé e yìí wà fún ẹni tí ó ń ta ọjà, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n sì ń sanwó fún un lójú ẹsẹ̀, fún ẹni tí ó ń bá a kọ ìwé, àti fún ẹni tí ó ń ronú láti ra òwò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, nítorí náà ibikíbi tí a bá ti mú òfin wá ṣe àpẹẹrẹ, a ó dárúkọ ibi tí òfin náà ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ni à ń pè ní fífi owó títà pamọ́?

Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé kí oníṣòwò gba owó ọjà tàbí owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí yóò sọ fún ìjọba pé òun pa. Owó kéèṣì ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí pé owó tí ó bá gba báńkì tàbí káàdì kọjá ti ní ẹlẹ́rìí. Nígbà mìíràn oníṣòwò kò ní kọ títà náà sílẹ̀ rárá. Nígbà mìíràn yóò kọ ọ́, yóò sì fagi lé e lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti jáde, bí ẹni pé wọ́n dá ọjà náà padà. Àwọn kan máa ń mú owó iṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́ nínú àpótí owó kí wọ́n tó ka owó ọjọ́ náà, tí owó títà àti owó iṣẹ́ yóò fi jọ pòórá kúrò nínú ìwé. Èyí léwu ju bí wọ́n ti rò lọ, nítorí pé gbèsè owó orí méjì ni wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀kan náà: ti èrè tiwọn, àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n yọ lára owó ọmọṣẹ́ kí wọ́n sì fi ránṣẹ́.

Níbi tí owó orí ọjà bá ti wà, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Owó orí tí oníbàárà san kún iye ọjà kò fìgbà kan jẹ́ ti oníṣòwò. Ńṣe ni ó ń bá ìjọba gbà á. Ẹni tí ó bá fi irú títà bẹ́ẹ̀ pamọ́ ti kọjá ẹni tí ó dín owó orí tirẹ̀ kù; owó tí wọ́n fi rán an ni ó kó sápò.

Bí ẹnìkan bá ń fi owó pamọ́, kí ló dé tí ó tún ń kọ òótọ́ sínú ìwé kejì?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ béèrè. Ènìyàn kò lè di ojú kó máa ṣòwò. Ẹni tí kò mọ iye tí ó tà kò lè mọ iye ọjà tí yóò tún rà, kò lè mọ̀ bóyá ọmọṣẹ́ ń jà á lólè, bí ó bá sì ní alábàáṣòwò, wọn kò lè pín èrè láìsí ìjà. Nítorí náà ó di dandan kí òótọ́ wà níbìkan: nínú ìwé pélébé kan tí ó wà nínú àpò, nínú fáìlì kọ̀ǹpútà tí a fún ní orúkọ tí kò jọ mọ́ owó, tàbí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọmọṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ní alaalẹ́ pé iye báyìí ni a pa lónìí. Ìwé ti ìjọba yóò sọ pé ọjà kò tà. Ìwé inú àpò yóò sọ iye tí ó wọlé gan-an. Ó tilẹ̀ lè ní ìwé kẹta, èyí tí ó wú èrè sókè nígbà tí a bá fẹ́ yá owó ní báńkì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé kejì yìí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ tí agbẹjọ́rò ìjọba lè rí. Owó tí a kò kọ síbì kankan ṣòro láti fi mú ènìyàn, ṣùgbọ́n owó tí ọwọ́ kan náà kọ lọ́nà méjì ní ọjọ́ kan náà fi hàn pé ẹni tí ó kọ ọ́ mọ òótọ́, ó sì yàn láti sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí ilé ẹjọ́ rán Al Capone, olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ní ọdún 1931 nítorí owó orí, ìwé owó ilé tẹ́tẹ́ kan, tí wọ́n rí gbà nígbà tí wọ́n ya wọ ibẹ̀, wà lára ohun tí ìjọba gbé síwájú ilé ẹjọ́, akọ̀wé tí ó kọ ọ́ sì wá jẹ́rìí. Gbogbo ìwà ọ̀daràn tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́, ìwé ni ó mú un.

Ṣé ohun kan náà ni èyí àti ìṣirò oníhà méjì tí àwọn akáúńtáǹtì ń lò?

Rárá o. Ìṣirò oníhà méjì, èyí tí Luca Pacioli ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Venice ní ọdún 1494, jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí a ti ń kọ gbogbo owó síhà méjì, ìyẹn ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó lọ, kí àṣìṣe lè tètè fara hàn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti fi pamọ́ níbẹ̀.

Ṣé àwọn oníṣòwò kékeré burú ju òṣìṣẹ́ olówó oṣù lọ ni?

Àyè tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó yàtọ̀, ìwà ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìṣirò àjọ owó orí Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ ti ń ròyìn tí ó sì ń yọ owó orí rẹ̀ kí ó tó san án, nǹkan bí ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ènìyàn kì í sọ. Nínú owó tí ẹlòmíràn kò ròyìn rẹ̀ tí wọn kò sì yọ nǹkan kan lára rẹ̀, ó ń dé nǹkan bí ìdá 55. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Denmark lórí àwọn asanwó-orí tí ó lé ní 40,000, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, sọ ohun tí ó jọ ọ́: níbi tí ẹnìkẹta bá ti ń ròyìn owó, irọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, níbi tí ó bá ku ènìyàn àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, irọ́ pọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìka na oníṣòwò kékeré ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ìbá ṣe bí ó bá jẹ́ pé òun ni òun ń kọ owó oṣù ara òun.

Mo gbàgbé láti kọ owó kan sílẹ̀. Ṣé wọn yóò kà mí sí ọ̀daràn?

Gbígbàgbé àti fífi pamọ́ kì í ṣe ọgbọọgba lójú òfin. Ní Britain, owó ìtanràn lè dé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí a kò san bí ó bá jẹ́ pé àìbìkítà ló fà á, ó lè dé ìdá 70 bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì lè dé ìdá 100 bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tí a tún gbìyànjú láti bò ó mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 20 ni ti àìbìkítà, ìdá 75 sì ni ti jìbìtì. Orí gbèsè owó orí fúnra rẹ̀ ni a ó ka gbogbo èyí lé, èlé sì tún wà lọ́tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ sá fún owó orí lè ṣe ẹ̀wọ̀n tí ó tó ọdún 5.

Iye ọdún tí wọ́n lè padà sẹ́yìn náà yàtọ̀. Ọdún 4 ni Britain sábà fi ń wo àṣìṣe lásán, ọdún 6 ni ti àìbìkítà, ọdún 20 sì ni ti ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 3 ni àsìkò tí ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ìwé tí a fi ránṣẹ́ bá jẹ́ ti jìbìtì, kò sí ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ ń tán.

Báwo wá ni ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn nígbà tí ó ń kọ ìwé? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dáhùn èyí ní ọdún 1943, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Spies. Wọ́n to àwọn ìwà tí a lè fi mọ̀ pé ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ sá fún owó orí, èyí tí wọ́n sì fi síwájú gbogbo rẹ̀ ni níní ìwé owó oríṣi méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó dárúkọ kíkọ irọ́ sínú ìwé, ayédèrú ìwé ọjà, bíba ìwé jẹ́, àti fífi dúkìá pamọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó gbàgbé rìsíìtì kan nínú àpò ṣòkòtò lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé kejì ti ṣàlàyé tirẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

Báwo ni àjọ owó orí ṣe ń mọ̀ nígbà tí kò sí rìsíìtì?

Wọn kì í wá owó tí kò sí nínú ìwé nínú ìwé. Ohun tí ó yí owó náà ká ni wọ́n ń wò, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ń fi owó pamọ́ kì í sábà ronú dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìfọṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé ìwé rẹ̀ ní ìgbà 40 ni ẹ̀rọ ń fọṣọ lójúmọ́. Òṣìṣẹ́ owó orí kò ní bá ẹni tí ó ni ilé ìfọṣọ náà jiyàn rárá. Yóò béèrè ìwé owó omi, yóò wo iye omi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń lò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì pín in. Bí omi náà bá tó fún ìgbà 90, yóò wo ìwé iná, yóò wo iye ọṣẹ tí wọ́n rà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sọ ohun kan náà, ìwé owó nìkan ni ó kù tí ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ó fi títà pamọ́ kì í sábà fi ohun tí ó rà pamọ́, nítorí pé ohun tí ó rà ni ó fi ń dín èrè tí yóò san owó orí lé lórí kù. Ó fẹ́ kí ìjọba rí gbogbo ìnáwó, kí ó má sì rí gbogbo ìpawó. Ohun tí èyí máa ń bí ni òwò tí ń ra ọjà púpọ̀, tí kì í jèrè, tí kò sì kógbá sílé láti ọdún dé ọdún. Bí wọ́n bá fi èrè orí ọjà rẹ̀ wé ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irú òwò kan náà, yóò yọ sílẹ̀ gedegbe.

Nọ́ńbà tí ń tẹ̀ léra náà máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìgbowó máa ń tẹ ìwé àkópọ̀ jáde ní ìparí ọjọ́, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ti ọjọ́ Ajé bá jẹ́ 412, tí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e sì jẹ́ 415, ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí 413 àti 414. Irú ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè lórí ìwé rìsíìtì tí a fi ọwọ́ kọ, tí ojú ewé kan bá ti ya kúrò nínú rẹ̀.

Wọ́n tún lè wo bí owó káàdì ṣe tó sí owó kéèṣì. Òwò tí ìwé rẹ̀ sọ pé gbogbo oníbàárà ló ń fi káàdì sanwó, nígbà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń gba kéèṣì dáadáa, ti pe àkíyèsí sí ara rẹ̀. Wọ́n lè rán òṣìṣẹ́ wọn lọ ra nǹkan bí oníbàárà, kí wọ́n sì wá wo ìwé lẹ́yìn náà bóyá títà náà wà níbẹ̀. Wọ́n lè ro gbogbo owó tí ó wọ báńkì pọ̀. Bí ìwé kò bá sí rárá, wọ́n lè ka dúkìá ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ní ìparí rẹ̀, kí wọ́n fi iye tí ó ná kún un, kí wọ́n sì béèrè ibi tí àlékún ti wá. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀nà ìṣirò yìí ní ọdún 1954, nínú ẹjọ́ Holland, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a ṣọ́ra lò ó.

Ènìyàn ni ó tún kù. Ọmọṣẹ́ tí a lé láìsan ẹ̀tọ́ rẹ̀, alábàáṣòwò tí a rẹ́ jẹ, tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn tú ká: gbogbo wọn ni wọ́n mọ ibi tí ìwé kejì wà.

Mo gbọ́ pé sọ́fúwíà wà tí ó ń pa títà rẹ́ láìfi àmì sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ó wà. Pé kì í fi àmì sílẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Ọ̀kan lára ẹjọ́ tí ó kọ́kọ́ lókìkí lórí rẹ̀ ni ti ilé ìtajà Stew Leonard's ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti lo ètò kọ̀ǹpútà láti yọ owó títà tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 17 dọ́là kúrò nínú àkọsílẹ̀. Olówó ilé ìtajà náà jẹ́wọ́ ní ọdún 1993, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Irú sọ́fúwíà yìí ń dín iye títà kù, ṣùgbọ́n kì í dín ọjà tí ó jáde kúrò lórí pẹpẹ kù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wọ inú ìwé ẹni tí ó ta ọjà náà fún òwò.

Àwọn ìjọba ti gbé ìgbésẹ̀. Sweden mú un ní dandan láti ọdún 2010 pé kí ẹ̀rọ ìgbowó ní ẹ̀yà ara tí ń ṣọ́ àkọsílẹ̀. Québec ní Kánádà fi irú rẹ̀ sí ilé oúnjẹ gbogbo ní ọdún 2011. Ní Jámánì, láti ọdún 2020, ẹ̀rọ ìgbowó oníná gbọ́dọ̀ ní ohun èlò ààbò tí ń fi òǹtẹ̀ lu títà kọ̀ọ̀kan, kí a má baà lè yí i padà lẹ́yìn náà. Ní Britain, òfin ọdún 2022 mú kí ìtanràn wà fún ẹni tí ó ṣe irú sọ́fúwíà bẹ́ẹ̀, fún ẹni tí ó tà á, àti fún ẹni tí wọ́n kàn bá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn ìjọba kan fi ń fi rìsíìtì ta lọ́tìrì?

Kí oníbàárà lè di ẹlẹ́rìí, nítorí pé rìsíìtì tí ó gbà ni ó fi ń wọ inú lọ́tìrì náà. Taiwan ti ń ṣe é láti ọdún 1951, Portugal sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2014, tí wọ́n fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ẹ̀bùn. Oníbàárà tí ó lè jẹ ọkọ̀ yóò béèrè rìsíìtì.

Ṣé kí n máa pín owó kéèṣì náà sí kéékèèké kí n tó gbé e lọ sí báńkì?

Ẹ má dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, báńkì gbọ́dọ̀ ròyìn owó kéèṣì tí ó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ gé owó sí wẹ́wẹ́ kí báńkì má baà ròyìn rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀, ì báà ṣe owó tí ó bá òfin mu ni.

Ìwé mi kò mọ́ fún ọdún díẹ̀. Kí ni mo lè ṣe báyìí?

Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má sun ìwé kejì, ẹ má pa fáìlì rẹ́. Bíba ìwé jẹ́ máa ń sọ gbèsè owó orí di ẹ̀sùn ọ̀daràn mìíràn, ìwé yẹn kan náà sì ni yóò jẹ́ kí ẹ lè sọ iye gbèsè yín gan-an, dípò iye tí òṣìṣẹ́ owó orí bá fojú bù, èyí tí kì í sábà kéré.

Ọ̀pọ̀ àjọ owó orí ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó wá a wá, wọ́n sì máa ń dín ìtanràn kù fún ẹni bẹ́ẹ̀. Àǹfààní náà a máa dín kù kíákíá nígbà tí lẹ́tà àyẹ̀wò bá ti dé ilé. Bí ó bá ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà di ti ọ̀daràn, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin owó orí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó lọ bá akáúńtáǹtì, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí a bá agbẹjọ́rò sọ ní ààbò tí ohun tí a bá akáúńtáǹtì sọ kò ní.

Akọ̀wé owó ni mí. Ọ̀gá ni ó ní kí n máa kọ ìwé méjì. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kàn mí?

Ó kàn yín. Òfin kì í sábà gba pé ọ̀gá ló pàṣẹ gẹ́gẹ́ bí àwáwí, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé irọ́ ni tí ó sì kọ ọ́ ti bá wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹ kò ní ṣe é, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí iṣẹ́ yẹn ni ó fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé, ọ̀gá yóò sọ pé akọ̀wé òun ni ó ń kọ ìwé.

Mo fẹ́ ra òwò kan. Ẹni tí ń tà á ní kí n má wo ìwé owó orí, ó sì fi ìwé mìíràn hàn mí tí èrè rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Iye tí ìwé owó orí bá sọ ni kí ẹ fi díye lé òwò náà. Ẹni tí ó ń tà á ti gbádùn àìsan owó orí lórí èrè náà, ó sì tún fẹ́ kí ẹ san owó fún èrè kan náà tí kò lè fi ìwé tí ó bófin mu ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá lè kọ ìwé kan tí ó dín owó kù fún ìjọba, kò sí ohun tí ó ní kí ó má kọ òmíràn tí ó fi owó kún un fún ẹni tí ń bọ̀ wá rà á. Bí ó bá sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni ẹ fẹ́ rà, tí ẹ ra ìpín ìdókòwò rẹ̀, gbèsè owó orí rẹ̀ àtijọ́ yóò bá a wá, nítorí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí ó tà á ni yóò san ohunkóhun tí ó bá yọjú láti àwọn ọdún tí ó ti kọjá, kí ẹ sì dá díẹ̀ dúró nínú owó náà títí àsìkò àyẹ̀wò yóò fi kọjá.

Ẹni tí ń tà á náà wà nínú ewu tí ó lè má mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà ti ń fara hàn bí ẹni tí ó fẹ́ ra òwò, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní èrè inú ìwé yìí kéré jù, kí ni àwọn yóò fi mọ̀ pé òwò náà dára, olówó òwò a sì dìde lọ mú ìwé kejì wá fúnra rẹ̀.